Ṣé kí n lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ìbàdàn

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bódìjà, mo lọ lo ọdún mẹ́rin ní Èkó, mo sì ti padà sílé, níbi tí mo ti ń jókòó sí yàrá kan ní Àkóbọ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá tó wà ní òkè òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí wọn àti àwọn olùkọ́ tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ kì í yéé bi mí ní ìbéèrè, mo sì kó àwọn èyí tó máa ń padà wá jù jọ síbí. Mi ò ní gbé iṣẹ́ náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì ní bà á lórúkọ jẹ́, nítorí pé ó ti ṣe mí lóore, ó sì ti dùn mí rí.

Irú ilé-iṣẹ́ wo gan-an là ń pè ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ?

Òun ni ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìmọ̀-ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ọjà tó ń tà. Báńkì ní àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n owó ni ọjà báńkì. Interswitch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, Paystack ní 2015, àti Flutterwave ní 2016, ọ̀nà tí owó ń gbà láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń tà. Ìyàtọ̀ yìí kan ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá ti jẹ́ ọjà gan-an, wọn yóò náwó lé yín lórí, wọn yóò sì tẹjú mọ́ yín. Níbi tó bá ti jẹ́ alátìlẹ́yìn ọjà mìíràn, iṣẹ́ lè rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéga kì í yá.

Àwọn tó wà n'Ìbàdàn kéré ju ti Èkó lọ. Àwọn kan ń ṣe ètò èsì ìdánwò fún ilé-ẹ̀kọ́, àwọn kan ń ṣe ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn fún ilé-ìwòsàn, àwọn mìíràn ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ètò ìṣirò ọjà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlejò ni ìmọ̀ yìí nílé Olúyọ̀lé: ní 1963 ni IBM ti ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sí Yunifásítì Ìbàdàn, ọdún méjì kí wọ́n tó parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀.

Èmi kò mọ kóòdù kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ṣé ààyè wà fún mi?

Ó wà. Wọ́n nílò ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó jáde, ẹni tó ń ya àwòrán ojú ìwé, ẹni tó ń ka ìṣirò, ẹni tó ń tajà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nígbà tí ọwọ́ bá há, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró.

Ṣé òótọ́ ni pé owó oṣù wọn ga ju ti ibòmíràn lọ?

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kékeré nílùú yìí lè máà gbà ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 lọ púpọ̀, ìyẹn ₦70,000, mo sì mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́ ní orúkọ pé wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ nìyẹn bí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe bá ti ń mú owó wọlé fún ọ̀gá.

Ibi tí owó ti ga ni ibi tí wọ́n ti ń fi dọ́là sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Láàárín oṣù yẹn ni wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà dá iye rẹ̀, nígbà tí oṣù Kejì 2024 yóò sì fi parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là kò gba àfikún kankan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ owó tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ ní náírà di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Èkó, tí wọ́n ń fi náírà san owó rẹ̀, kàn ń wo bí àpò gaàrí ṣe ń gbówó lórí. Ó tún ku ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rò: ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ń fi náírà gba owó oníbàárà, dọ́là ló fi ń san owó àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó háyà ní òkè òkun. Nígbà tí náírà ṣubú, owó tó yẹ kó lọ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi dí ihò yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá òṣìṣẹ́ dúró lójijì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn náà ló ń sanwó gọbọi?

Gbòǹgbò kan náà ló hu méjèèjì, ìbéèrè yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ kì í fi èrè ọjà san owó oṣù ní ọdún àkọ́kọ́ wọn. Owó olùdókòwò ni wọ́n ń ná. Olùdókòwò gbé owó kalẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ náà fi gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀, kí ó tóbi kí ẹlòmíràn tó tóbi, kí òun lè ta ìpín òun ní owó ńlá lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù fi ga: kì í ṣe pé ọjà ti ń mú èrè yẹn wá, ẹnì kan ló ń fi owó ra àkókò. Bí olùdókòwò bá sì fa ọwọ́ sẹ́yìn, kò sí èrè nílẹ̀ tí wọ́n máa fi san owó oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà àrùn kòrónà, èlé orí owó ní Amẹ́ríkà wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo, àwọn olówó sì ń wá ibi tí wọ́n máa kó owó wọn sí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dé Èkó pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹta 2022 ni báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, ó sì ti kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó fi di àárín 2023. Olówó tó lè yá ìjọba Amẹ́ríkà lówó kí ó sì gba irú èlé bẹ́ẹ̀ láìsí ewu, kí ló máa fi owó rẹ̀ ṣe nínú ilé-iṣẹ́ tí kò tíì jèrè rí? Ní oṣù Kọkànlá 2022, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, dá òṣìṣẹ́ 11,000 dúró. Ní oṣù Kìíní 2023, Google kéde 12,000, Microsoft kéde 10,000. Nítòsí wa, Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń wá àwọn tó mọ kóòdù kọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ti dá nǹkan bí 400 ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ní oṣù Kẹsàn-án 2019, nítorí pé àwọn oníbàárà wọn kò fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́, àwọn tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n pè wá sí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpàdé náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nígbà tí ó sì fi di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ìwọlé mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ọdún méjì, àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn tí mo bá ṣe é, ni ilẹ̀kùn tì mọ́ inú. Ó dùn mí púpọ̀, kì í ṣe nítorí owó nìkan, bí kò ṣe nítorí pé n kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò fún iṣẹ́, ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: ṣé èrè ọjà ni ilé-iṣẹ́ yìí fi ń sanwó, àbí owó olùdókòwò? Bí ó bá jẹ́ ti olùdókòwò, oṣù mélòó ni èyí tó wà nílẹ̀ yóò gbé wa dé? Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn. Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè náà ti dáhùn pẹ̀lú.

Kí ni kí n wò nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́?

Ẹ ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ń dáàbò bo gbogbo òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin yẹn yọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ ọ̀gá, iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ló máa sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ fún yín kí wọ́n tó dá yín dúró, àti ohun tí wọ́n máa san. Bí lẹ́tà náà kò bá sọ nǹkan kan nípa ìkìlọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i.

Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì. Gẹ́gẹ́ bí òfin 2014 ṣe wí, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdá 8 tí wọ́n yọ lára yín. Àwọn kan máa ń pe òṣìṣẹ́ ní agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n lè bọ́ nínú gbèsè yìí: ẹ̀ ń dé lákòókò tí wọ́n dá, ọ̀gá kan ṣoṣo lẹ̀ ń jẹ́ fún, ṣùgbọ́n lórí ìwé, ẹ kì í ṣe ará ilé. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà náà sọ pé gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, títí kan èyí tí ẹ kọ nílé yín lọ́jọ́ Àìkú, ti di ti ilé-iṣẹ́. Bí ìjà bá dé, Ilé-ẹjọ́ Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kò ní láti rìnrìn àjò lọ sí Èkó tàbí Àbújá nítorí owó oṣù tí wọn kò san.

Wọ́n ní àwọn yóò fún mi ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ṣé owó ni?

Kì í ṣe owó títí ẹnì kan yóò fi rà á. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé wọ́n á pín in sí ọdún mẹ́rin: bí ẹ bá kúrò kí ọdún kan tó pé, ẹ kò gba nǹkan kan; bí ọdún kan bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ di tiyín, ìyókù yóò sì máa di tiyín díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Láti ìgbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan ní òkè òkun, ti ra Paystack ní 2020 ní iye tó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ka ìpín mọ́ owó oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní kí ẹ gba ìdajì owó oṣù nítorí ìpín, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ìpín náà kò sí rárá, kí ẹ wá wò ó bóyá iṣẹ́ náà ṣì wù yín.

Ṣé dandan ni kí n kó lọ sí Èkó?

Kì í ṣe dandan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan tàbí méjì níbẹ̀ kì í ṣe àdánù. Èkó ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti máa ń pàdé ẹni tó máa dárúkọ rẹ̀ síbi iṣẹ́ tó kàn. Láti oṣù Kẹfà 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Moníyà lọ sí Ebute Metta, mo sì mọ àwọn tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìpàdé tí wọ́n sì ń padà wá sùn sílé.

Àǹfààní tí Ìbàdàn ní ni owó ilé, oúnjẹ, àti wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò jẹ lójúmọ́. Ohun tó ń sú ni ni iná. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, fi sí Band A yẹ kó máa rí iná ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin 2024 ni owó ìwọ̀n iná kan fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra bátìrì àti sóólà, kí ó sì ní íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí náà kì í tó nígbà mìíràn: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ wa n'Ìbàdàn ni kò lè wọ ìpàdé. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ tí a ń ṣe láti ilé, ẹ béèrè ta ni yóò san owó iná àti dátà, nítorí pé ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ náà kò háyà, ẹ̀yin lẹ háyà rẹ̀ fún wọn.

Báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe ara àti ilé ẹni?

Bí ọ̀gá yín bá wà ní San Francisco, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tirẹ̀ jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì jẹ́ aago méje nígbà òtútù wọn. Ìpàdé máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ alẹ́ délẹ̀. Ó tún ní iṣẹ́ ìṣọ́, tí ó túmọ̀ sí pé bí ètò kan bá dẹnu kọlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, fóònù ẹni tí ìṣọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò dún. Mo ti jókòó síbi ìkómọ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí ẹsẹ̀, nígbà tí wọ́n ń fi orógbó àti oyin súre fún ọmọ àbúrò mi. N kò lè gba ọjọ́ yẹn padà.

Ẹ̀yìn ríro, ojú tó ń ṣú, àti ìdánìkanwà jẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará ilé tún máa ń rò pé ẹni tó wà nílé kò níṣẹ́, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń rán sí ọjà Bódìjà láàárín ìpàdé. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo jókòó pẹ̀lú ìyàwó mi, a kọ wákàtí iṣẹ́ mi sára ògiri, mo sì bá ọ̀gá mi sọ ọ́ pé n kò ní sí níbi ìpàdé ní alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ó gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń gbà bí ẹ bá sọ ọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti fi ọdún kan dákẹ́, ó máa ń ṣòro.

Ire tó wà ní ìdojúkọ èyí kò kéré. Mo máa ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sílé-ẹ̀kọ́ fúnra mi, mo sì wà nítòsí nígbà tí màmá mi ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣe kò fún mi láǹfààní yẹn.

Ọmọ mi máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, àwọn ará àdúgbò sì ti ń sọ pé jìbìtì ló ń ṣe. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ló ń ṣe?

Màmá, ẹ má bínú pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi máa ń ní ìwé. Ẹ ní kí ó fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ hàn yín, àti àkọsílẹ̀ owó oṣù tó ń wọlé láti ibì kan náà lóṣooṣù. Ẹ tún ní kí ó ṣàlàyé fún yín, ní Yorùbá, ohun tó ṣe lánàá àti ẹni tó lò ó. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ yóò ṣàlàyé títí yóò fi sú yín, nítorí pé inú rẹ̀ á dùn pé ẹ béèrè.

Kí òun náà máa mú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ rìn. Ìjọba kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 2020 pé àwọn ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, ká, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti jáde sí ìgboro, n'Ìbàdàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ìyà tí kò tọ́ ni, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó dára fún obìnrin?

Ó dára, nítorí pé àbájáde iṣẹ́ rọrùn láti rí, iṣẹ́ láti ilé sì ń ran ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ yàrá, ohùn obìnrin sì máa ń rì. Ẹ̀tọ́ ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12 tó wà nínú Òfin Iṣẹ́ kan obìnrin níbikíbi tí iṣẹ́ tàbí òwò bá ti ń lọ, kì í ṣe àwọn tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́ nìkan, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé òun kéré jù láti ṣe é ń sọ ohun tí kò sí nínú òfin.

Ṣé àwọn ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn kò ní gba iṣẹ́ yìí?

Láti ìgbà tí ChatGPT jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, ẹ̀rọ ti ń kọ kóòdù kéékèèké tí a máa ń fún ọmọ iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ń fi ṣe púpọ̀ sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni ẹnu ọ̀nà dín fún. Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ní Bódìjà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mọ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn: nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn, tàbí oníṣirò tó mọ ọjà Gbági, wúlò ju ẹni tó mọ kóòdù nìkan lọ.

Owó-orí ńkọ́, bí ó bá jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń sanwó fún mi?

Ẹ gbọ́dọ̀ san án. Ọ̀gá tó wà ní Nàìjíríà máa ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Èyí tó wà ní òkè òkun kì í yọ ọ́, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kéde rẹ̀ fún àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí. Ẹ máa ya owó-orí sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Ọmọ mi ti ríṣẹ́ ìjọba ní Agodi, ó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ṣé kí n gbà fún un?

Bàbá, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe asán. Iṣẹ́ ìjọba lè gbé ènìyàn títí dé ọdún 35 tàbí ọjọ́ orí ọgọ́ta. N kò tíì rí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ kan nílùú yìí tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ yín máa rí gbà dípò rẹ̀ ni pé ọdún mẹ́ta níbi tó dára lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò gbé e dé ibikíbi, owó rẹ̀ á sì ga.

Ẹ pè é jókòó. Ẹ ní kí ó mú lẹ́tà náà wá, kí ó fi ibi tí ìkìlọ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì wà hàn yín, kí ó sì sọ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń rówó. Ẹ béèrè bóyá ó ti ní owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà nípamọ́. Bí ó bá dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ súre fún un kí ó máa lọ. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó ṣì máa lọ sí Agodi láàárọ̀, kí ó fi ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé kọ́ṣẹ́, kí ó máa fi owó pamọ́ nínú owó oṣù ìjọba, kí ẹ sì tún jọ jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.